Omi Aró àti Ọ́ksídéṣọ̀n Alágbára: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Ń Fọ Omi Tí Aró Bà Jẹ́

Nínú gbogbo ìdọ̀tí tí iléeṣẹ́ ń dà sínú odò, aró wà lára èyí tí ojú lásán tètè máa ń dá mọ̀, nítorí pé mílígíráàmù kan péré nínú lítà omi kan lè tó láti yí àwọ̀ omi náà padà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí yìí gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, torí pé ẹni tó bá rí i pé àwọ̀ ti lọ nínú omi máa ń gbà pé omi náà ti mọ́. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀wọ́ àwọn ọ̀nà kan tí wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ ọ́ksídéṣọ̀n alágbára, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti fọ́ mólékù aró sí wẹ́wẹ́ dípò kí wọ́n kàn gbé e kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Àgbéyẹ̀wò yìí yẹ àwọn ọ̀nà náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìbéèrè mẹ́ta wọ̀n wọ́n: ṣé ọ̀nà náà ń fọ́ aró dópin àbí àwọ̀ nìkan ló ń mú lọ, kí ni ó ń ná ènìyàn ní kẹ́míkà àti iná mànàmáná, ṣé ó sì lè ṣiṣẹ́ nínú omi aró gidi tó kún fún iyọ̀ àti kọ́sítíìkì? Ìdáhùn wọn fi hàn pé àwọ̀ lílọ àti ìdọ̀tí lílọ kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé iye tí ìwádìí kan níye lórí wà nínú ohun tó sọ nípa èyí tó ṣẹ́kù sínú omi lẹ́yìn tí àwọ̀ ti lọ.

Ohun tí aró jẹ́ àti ìdí tí kì í fi í tètè kú

Kí aró òyìnbó tó dé, inú ewé, èèpo igi àti gbòǹgbò ni wọ́n ti ń rí aró, bí ewé ẹ̀lú tí àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá ń gún, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n sì ń rẹ sínú omi eérú títí yóò fi kan. Ní ọdún 1856 ni William Henry Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣèèṣì rí àwọ̀ elésè àlùkò nínú kẹ́míkà tí wọ́n yọ láti ara ọ̀dà èédú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Peter Griess ṣàwárí kẹ́mísírì tó bí ìdílé aró tí wọ́n ń pè ní ásò. Nígbà tó sì di ọdún 1897, iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀lú àtọwọ́dá. Ní ọdún 1956, iléeṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú aró mìíràn jáde, èyí tó máa ń so mọ́ mólékù òwú fúnra rẹ̀, tí ọṣẹ kò fi lè tètè fọ̀ ọ́ dànù.

Ìdílé ásò ló pọ̀ jù lọ nínú aró òde òní. Ohun tó ń fún un ní àwọ̀ ni átọ́ọ̀mù náítírójìn méjì tí wọ́n so mọ́ra pẹ̀lú okùn onílọ̀ọ́po méjì, tí òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà mẹ́fà, irú èyí tó wà nínú bẹ́ńsíìnì, sì wà ní ọ̀tún àti ní òsì wọn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe aró mọ̀ọ́mọ̀ ṣe mólékù yìí kí oòrùn, òógùn àti ọṣẹ má bàa tètè bà á jẹ́ lára aṣọ, ìwà rere tó ní lára aṣọ yìí kan náà ló sì di ìwà burúkú nígbà tó bá dé inú odò. Aró tó ń so mọ́ òwú tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé apá kan rẹ̀ máa ń so mọ́ omi dípò òwú nínú ìkòkò, kò sì ní lè mú aṣọ mọ́. Ìdá 10 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún irú aró bẹ́ẹ̀ lè bá omi lọ, pẹ̀lú iyọ̀ tó lè tó gíráàmù 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú lítà kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n dà sí i kí aró lè wọ òwú dáadáa.

Ewu rẹ̀ pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni pé omi tó dúdú kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dé ọ̀dọ̀ àwọn ewéko inú omi tí wọ́n ń ṣe ọ́síjìn, ẹja àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí mìíràn a sì máa tipa bẹ́ẹ̀ ráhùn afẹ́fẹ́. Èkejì, tó burú jù, ni pé nígbà tí okùn ásò bá já nínú ẹrọ̀fọ̀ tí kò ní ọ́síjìn, tàbí nínú ìfun ènìyàn, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ámíìnì ló ń jáde, àwọn kan nínú wọn sì ń fa jẹjẹrẹ. Láti ọdún 1895 ni dókítà Ludwig Rehn ti Frankfurt ti kéde pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń mú àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aró, nígbà tó sì di ọdún 2002, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de àwọn aró ásò tó bá lè tú ọ̀kankan nínú ámíìnì 22 kan sílẹ̀ lára aṣọ àti awọ.

Ibi tí àwọn ọ̀nà àtijọ́ dé dúró

Ọ̀nà tó pẹ́ jù lọ ni kí wọ́n da álọ́ọ̀mù tàbí iyọ̀ irin sínú omi kí aró lè ṣù pọ̀, kó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí aró tí kì í yòrò nínú omi, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí aró tó yòrò tán, ẹrọ̀fọ̀ aláwọ̀ tó sì ń fi sílẹ̀ tún di ẹrù mìíràn. Èédú tí wọ́n sọ di alágbára máa ń fa aró mọ́ra, asẹ́ oníhò tíntìnní sì lè dá a dúró, àmọ́ èédú náà á kún, asẹ́ náà á dí, aró tí wọ́n mú yóò sì wà níbẹ̀ láìkú. Ní ti àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n fi ń fọ omi ẹ̀gbin ìlú, èyí tó ń mí ọ́síjìn nínú wọn kì í lè jẹ aró ásò, èyí tí kì í mí ọ́síjìn sì máa ń já okùn ásò, kí omi funfun, kí ámíìnì sì pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, iléeṣẹ́ kan lè rí omi rẹ̀ kó funfun, kó sì jẹ́ pé oró tó wà nínú omi ọ̀hún ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Agbára tó wà lẹ́yìn ọ́ksídéṣọ̀n

Ọ́ksídéṣọ̀n ni iṣẹ́ tí kẹ́míkà kan ń ṣe nígbà tó bá já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà lọ́wọ́ òmíràn. Òun ló ń mú irin dípẹtà, òun náà ló sì ń sọ igi di eérú nínú iná. Kólóríìnì tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ àti ósóònù lè ṣe é, ṣùgbọ́n agbára wọn kò dọ́gba. Nígbà tí William Glaze àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀wọ́ àwọn ọ̀nà yìí ní orúkọ wọn ní ọdún 1987, ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀ ni pé gbogbo wọn ń bí háídírọ́síìlì nínú omi, ìyẹn àjákù mólékù omi tó ní átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan nínú rẹ̀ kò sì ní ìkejì.

Nítorí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà yìí, háídírọ́síìlì kì í sinmi títí yóò fi já òmíràn gbà. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára yìí, kólóríìnì gba fóólù 1.36, háídírójìn pẹrọ́ksáídì gba 1.78, ósóònù gba 2.07, háídírọ́síìlì sì gba 2.80. Ó yára ju ósóònù lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀pọ̀ kẹ́míkà, kì í sì í ṣa ẹni tí yóò bá jà, bóyá aró ni, bóyá ámíìnì ni, bóyá ọṣẹ ni. Ibi tí agbára rẹ̀ wà ni àléébù rẹ̀ náà wà. Nítorí pé kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan tó ń lò kó tó tán, kò ṣe é rà lọ́jà, kò ṣe é tọ́jú sínú àgbá, inú omi náà gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ máa bí i láìdáwọ́ dúró; àti nítorí pé kì í ṣa ẹni, ohunkóhun mìíràn tó bá wà nínú omi yóò bá aró pín in. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàárín àwọn ọ̀nà tó tẹ̀ lé e yìí wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bí háídírọ́síìlì.

Irin àti háídírójìn pẹrọ́ksáídì

Henry Fenton, onímọ̀ kẹ́mísírì ní Cambridge, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1894 pé bí wọ́n bá da iyọ̀ irin díẹ̀ àti háídírójìn pẹrọ́ksáídì pọ̀, àpòpọ̀ náà máa ń fọ́ ásíìdì tàtáríkì, ṣùgbọ́n ọdún 1934 ni Haber àti Weiss tó ṣàlàyé pé háídírọ́síìlì ni òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Irin onílọ̀ọ́po méjì, ìyẹn irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, máa ń fún pẹrọ́ksáídì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, pẹrọ́ksáídì á pín sí méjì, háídírọ́síìlì á jáde, irin náà á sì di onílọ̀ọ́po mẹ́ta. Irin onílọ̀ọ́po mẹ́ta yìí lè padà sí ipò rẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lọ́ra ju àlọ rẹ̀ lọ, nítorí náà iṣẹ́ a máa yá lákọ̀ọ́kọ́, yóò sì wá falẹ̀.

Ọ̀nà Fenton kò gbówó lórí bí àwọn yòókù, kò nílò ẹ̀rọ ńlá, àwọn iléeṣẹ́ aṣọ sì ń lò ó ní tòótọ́, àmọ́ ó ní májẹ̀mú kan tó le. Omi náà gbọ́dọ̀ kan tó pH 3 (pH ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó), nítorí pé bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 4, irin á ṣù, á sì di ẹrọ̀fọ̀ pupa. Omi iléeṣẹ́ aró sì sábà máa ń wà lókè pH 9, èyí tó túmọ̀ sí pé wọn yóò da ásíìdì sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì tún da álíkálì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, sí i nígbà tó bá parí, iyọ̀ inú omi á pọ̀ sí i, ẹrọ̀fọ̀ irin á sì wà nílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ wá ibi kó sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aró ásò kan tí wọ́n ń pè ní Orange II, èyí tí àwọn olùṣèwádìí ti yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà, yóò fi bí ìrìn àjò náà ṣe gùn tó hàn. Háídírọ́síìlì kọ́kọ́ kọlu àyíká okùn ásò, okùn náà já, àwọ̀ ọsàn inú omi sì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni òrùka bẹ́ńsíìnì tó gbé sọ́fọ̀ dání níhà kan àti òrùka méjì tó so pọ̀ níhà kejì, kò sì sí àwọ̀ tí ojú lè rí lára wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òrùka náà yóò máa gba ọ́síjìn mọ́ra, tí wọn yóò ṣí sílẹ̀, tí wọn yóò sì di ásíìdì kéékèèké bíi ti fọ́míìkì, asẹ́tíìkì àti ọksálíìkì, títí wọn yóò fi di kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáídì àti omi, tí sọ́fọ̀ inú wọn yóò sì di sọ́fẹ́ètì. Ìpele àkọ́kọ́ lè gba ìṣẹ́jú, èyí tó kẹ́yìn lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí pé ásíìdì ọksálíìkì máa ń dì mọ́ irin, tí háídírọ́síìlì kò sì ní lè tètè rí i fọ́.

Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti wúlò. Bí ìtànṣán bá kan irin tó dì mọ́ ọksálíìkì, ọksálíìkì náà á fọ́, irin á sì padà di onílọ̀ọ́po méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fenton onímọ́lẹ̀ yìí ń lo ìtànṣán UV tí ojú kò lè rí àti apá kan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tó fi jẹ́ pé oòrùn lásán tó o, àwọn olùṣèwádìí sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dán an wò lábẹ́ oòrùn ní Plataforma Solar de Almería ní gúúsù Sípéènì. Nínú gbogbo àwọn ọ̀nà tó ń lo oòrùn, èyí ló jọ pé ó sún mọ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́ jù lọ.

Ósóònù àti ẹ̀kọ́ tí ẹ̀lú kọ́ni

Ósóònù, èyí tí Christian Schönbein ti Basel fún lórúkọ ní ọdún 1840, jẹ́ ọ́síjìn tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, láti ọdún 1906 ni ìlú Nice ní ilẹ̀ Faransé sì ti ń fi fọ omi mímu. Bí omi bá kan, ósóònù fúnra rẹ̀ ló ń jà, ó sì máa ń ṣa ibi tí yóò kọlù. Bí omi bá jẹ́ álíkálì, ó máa ń yí padà di háídírọ́síìlì, èyí tó mú kó bá omi aró mu ju Fenton lọ lápá kan. Kì í fi ẹrọ̀fọ̀ sílẹ̀, kò sì fi iyọ̀ kún omi. Àmọ́ iná mànàmáná tó ń gba afẹ́fẹ́ kọjá ni wọ́n fi ń ṣe é, ojú ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti ṣe é, nítorí pé kì í pẹ́ tú ká, ó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ bí ó bá jò. Lórí aró tó yòrò, iṣẹ́ rẹ̀ yá gan-an. Lórí aró tí kì í yòrò, irú èyí tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ pọ́líẹ́sítà, kò yá bẹ́ẹ̀.

Bí ósóònù ṣe ń pa àwọ̀ ẹ̀lú rẹ́ dá àwọn onímọ̀ lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lo ẹ̀lú tó yòrò láti wọn ìwọ̀n ósóònù inú omi láti ọdún 1981. Ósóònù máa ń já okùn onílọ̀ọ́po méjì tó wà láàárín mólékù ẹ̀lú, mólékù náà á pín sí méjì, àwọ̀ búlúù á sì lọ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní ísátíìnì, ṣì gbé òrùka bẹ́ńsíìnì rẹ̀ dání láìbàjẹ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí òrùka bẹ́ńsíìnì bá ṣì wà nínú omi, iṣẹ́ kò tíì parí, bí ó ti wù kí omi náà mọ́ gaara tó. Láti dé òpin, wọ́n sábà máa ń fi pẹrọ́ksáídì tàbí ìtànṣán UV kún ósóònù kí háídírọ́síìlì lè pọ̀ sí i.

Ẹfun funfun àti oòrùn

Kò sí ọ̀nà kan tí ìwé ìwádìí pọ̀ lé lórí tó èyí tó ń lo títáníọ̀mù dayọ́ksáídì, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ilé. Nígbà tí Akira Fujishima àti Kenichi Honda ti ilẹ̀ Jàpáànù fi hàn ní ọdún 1972 pé ìmọ́lẹ̀ tó kàn án lè pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ fi oòrùn fọ omi. Ìtànṣán tó bá lágbára tó máa ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà. Àyè tó ṣófo á gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ omi, omi á di háídírọ́síìlì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde á sì bá ọ́síjìn lọ. Ìyẹ̀fun náà kì í tán nínú iṣẹ́ yìí, kò lóró, kò sì wọ́n.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré. Ìtànṣán tó lágbára tó fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ UV, UV kò sì ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde tún máa ń padà sí àyè wọn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ kankan. Omi tí aró rẹ̀ ki kì í sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó fi jẹ́ pé ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ fọ́ ló ń ṣíji bo ohun tí yóò fọ́ ọ. Yíyọ ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú náà kúrò nínú omi lẹ́yìn iṣẹ́ tún jẹ́ wàhálà mìíràn, bí wọ́n bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tàbí amọ̀, agbára rẹ̀ á dín kù. Àwọn olùṣèwádìí ti fi náítírójìn, fàdákà, èédú àti síńkì ọksáídì dán oríṣiríṣi àdàlù wò kí ìyẹ̀fun náà lè lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò tíì kọjá inú ife yàrá ìwádìí.

Iná mànàmáná, ìró àti ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù

Ọ̀nà tó ń lo iná mànàmáná tààrà ní àǹfààní kan tó bá omi aró mu: iyọ̀ tó jẹ́ ọ̀tá àwọn ọ̀nà yòókù ló ń jẹ́ kí iná lè gba inú omi kọjá. Bí ọ̀pá iná náà bá jẹ́ dáyámọ́ǹdì tí wọ́n fi bórọ́ọ̀nù sí, háídírọ́síìlì á máa jáde ní ojú rẹ̀, ó sì lè fọ́ aró dé òpin. Àmọ́ ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wọ́n gan-an, bí iyọ̀ tó wà nínú omi bá sì jẹ́ iyọ̀ ọbẹ̀, kólóríìnì á jáde pẹ̀lú, á pa àwọ̀ náà kíákíá, á sì lè lẹ̀ mọ́ àjákù aró láti bí àwọn kẹ́míkà olóró tuntun tí kò sí nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Fenton oníná, èyí tó ń fi iná ṣe pẹrọ́ksáídì láti inú ọ́síjìn nínú omi náà gan-an, mú ìnira rírà àti kíkó pẹrọ́ksáídì kúrò, kò sì mú ìnira pH kúrò.

Ọ̀nà onísọ́fẹ́ètì ń lo iyọ̀ pẹsọ́fẹ́ètì, tí ooru, ìtànṣán tàbí irin máa ń sọ di àjákù alágbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá háídírọ́síìlì dọ́gba, tó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ kó tó kú. Ohun tó ń fi sílẹ̀ ni sọ́fẹ́ètì púpọ̀ nínú omi. Ìró tó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ máa ń bí ìhó tíntìnní nínú omi, ooru inú ìhó náà nígbà tó bá wó lulẹ̀ sì lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dígírì, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ kò jẹ́ kó kọjá ibi àdánwò.

Ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, tó ń pín omi fúnra rẹ̀ sí háídírọ́síìlì láìlo kẹ́míkà kankan, ló ti dé ibi tó tóbi jù lọ. Ní Daegu ní Kòríà Gúúsù, ẹ̀rọ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005 ni wọ́n ṣe láti máa fọ kúbíìkì mítà 10,000 omi aró lójúmọ́, ó sì ń fọ́ aró sí kéékèèké kí omi tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 2020, ilẹ̀ Ṣáínà ṣí èyí tó jù ú lọ ní iléeṣẹ́ aṣọ kan ní Jiangmen ní ẹkùn Guangdong, èyí tí wọ́n ṣe láti fọ kúbíìkì mítà 30,000 lójúmọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè wúlò fún ẹni tó ń rẹ aṣọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó pa omi wọn pọ̀ lè ra ohun tí ẹnìkan ṣoṣo kò lè rà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í wọ̀n

Ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ń lo aró kan ṣoṣo nínú omi mímọ́, aró náà sì sábà máa ń jẹ́ búlúù mẹ́tílíìnì, èyí tí Heinrich Caro kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1876. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni bí àwọ̀ ṣe ń dín kù. Àléébù ọ̀nà yìí pọ̀. Èkíní, búlúù mẹ́tílíìnì lè pàdánù àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, láìjẹ́ pé okùn kan já nínú rẹ̀, bí ọ́síjìn bá sì tún kàn án, àwọ̀ náà á padà. Kò sí aláró tí ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yà lẹ́nu, nítorí pé aró ẹ̀lú inú ìkòkò kì í jẹ́ búlúù. Àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ló máa ń ní, ìgbà tí wọ́n bá fa aṣọ jáde sínú afẹ́fẹ́ ló ń di búlúù. Ẹni tó bá ti rí èyí mọ̀ dájú pé àwọ̀ tí kò hàn kò túmọ̀ sí aró tí kò sí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ìwádìí tó bá fẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ gbọ́dọ̀ wọn TOC, ìyẹn àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù tó wà lára àwọn ìdọ̀tí inú omi, tàbí COD, ìyẹn iye ọ́síjìn tí ìdọ̀tí náà yóò gbà kó tó jóná tán, ó sì yẹ kó fi ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké dán omi náà wò bóyá oró rẹ̀ dín kù tàbí ó pọ̀ sí i. Ó wọ́pọ̀ kí àwọ̀ ti lọ pátápátá nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ iná. Láti ọdún 2001 ni James Bolton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dábàá pé kí gbogbo ọ̀nà tó ń lo iná máa sọ iye kílówáàtì-wákàtí tó ń ná láti dín ìdọ̀tí kan kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú kúbíìkì mítà omi kan, kí wọ́n lè fi ọ̀nà kan wé èkejì, ìwádìí tí kò bá sì sọ ọ́ kò ran ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin ni omi gidi fúnra rẹ̀: iyọ̀, ọṣẹ, ẹ̀kọ àti kàbónéètì inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ háídírọ́síìlì, aró á sì gba èyí tó bá ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ náà lórí omi àdìrẹ

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọjà àdìrẹ Ìtọ́kú wà, àti ní Òṣogbo, iṣẹ́ aró kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ńlá nìkan. Agbo ilé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, nínú àgbá àti ìkòkò. Nígbà tí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó gbòde ní Abẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1930, wọ́n dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin aláró àti ààfin Aláké, ẹjọ́ ọ̀hún sì dá lórí dídára aṣọ. Lónìí, ẹjọ́ omi ló yẹ kó kàn. Omi ẹ̀lú àti eérú ayé àtijọ́ tún jẹ́ álíkálì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde nísinsìnyí láti ibi tí wọ́n ti ń rẹ àdìrẹ àti Kàm̀pálà kún fún kọ́sítíìkì, àwọn aró òyìnbó oríṣiríṣi àti kẹ́míkà funfun tí àwọn aláró ń pè ní háídírósì, èyí tó ń mú aró yòrò nínú ìkòkò.

Háídírósì yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìwádìí ṣe kà á sí lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fúnni ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, iṣẹ́ háídírọ́síìlì sì ni láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nítorí náà bí wọ́n bá da pẹrọ́ksáídì sínú omi aró tí háídírósì ṣì wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì á pa ara wọn, owó á ṣòfò, aró á sì wà níbẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá fi omi náà sínú kòtò tí kò jìn, tí wọ́n ń rò ó kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, ọ́síjìn afẹ́fẹ́ á sọ háídírósì di sọ́fẹ́ètì, aró ẹ̀lú tó yòrò á padà di búlúù tí kì í yòrò, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè kó o, kí wọ́n tilẹ̀ tún un lò. Kọ́sítíìkì tó ṣẹ́kù ni wọ́n lè fi ásíìdì pa, álọ́ọ̀mù díẹ̀ á sì kó ẹ̀kọ àti èérí yòókù. Aró tó yòrò tó kù lẹ́yìn èyí, tí kò pọ̀ mọ́, ni ọ̀nà bíi Fenton onímọ́lẹ̀ lè wá fọ́ lábẹ́ oòrùn.

Ìlànà ìjọba kò ṣàìsí. NESREA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa mójú tó òfin àyíká, ti ní òfin lórí iléeṣẹ́ aṣọ, awọ àti bàtà láti ọdún 2009. Òfin bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lò fún iléeṣẹ́ tó ní ẹnu ọ̀nà kan àti páìpù kan. Agbo ilé ọgọ́rùn-ún tí olúkúlùkù ń da omi sí gọ́tà tirẹ̀ nílò ohun mìíràn, ìyẹn ibi ìfọmi àpapọ̀ tí ẹgbẹ́ aláró àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ń bójú tó. Láìsí èyí, bí onímọ̀ kan bá tilẹ̀ rí ọ̀nà ìfọmi tó dára jù lọ lágbàáyé, yàrá ìwádìí náà ni yóò wà.

Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí já sí

Nínú gbogbo àwọn ọ̀nà tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, Fenton àti ósóònù ti fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ gidi, ìtànṣán ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti fi ara rẹ̀ hàn níbi tí omi pọ̀ sí, ọ̀pá dáyámọ́ǹdì ń dúró de ìgbà tí owó rẹ̀ yóò wálẹ̀, títáníọ̀mù dayọ́ksáídì sì ṣì jẹ́ ìlérí ju iṣẹ́ lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kó dá gbé gbogbo ẹrù náà. Ètò tó mọ́gbọ́n wá ni kí àwọn ọ̀nà tí kò wọ́n kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe é kó, kí ọ́ksídéṣọ̀n alágbára fọ́ ohun tó le débi tí kòkòrò àìfojúrí lè fi jẹ ẹ́, kí àwọn kòkòrò náà sì parí rẹ̀ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú.

Ní ti àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń ṣe irú ìwádìí yìí, ohun tí yóò ṣe àwọn aláró láǹfààní jù lọ ni kí wọ́n gbé búlúù mẹ́tílíìnì sílẹ̀, kí wọ́n bu omi láti inú àgbá aláró gan-an, kí wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù àti oró inú rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ iye náírà tí lítà kọ̀ọ̀kan yóò ná ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ìwádìí tó bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí lórí omi gidi kan ṣoṣo wúlò ju ọgọ́rùn-ún èyí tó kàn fi hàn pé àwọ̀ lọ nínú ife, nítorí pé àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò kò mu àwọ̀. Ohun tó wà nínú omi náà ni wọ́n ń mu.